Nọ́mbà Ipò àbí Nọ́mbà Ẹni: Èwo Ni Kí Ẹgbẹ́ Rọ́gíbì Líìgì Kọ Sẹ́yìn Jẹ́sì?

Eré kan náà, rọ́gíbì líìgì, ni wọ́n ń ṣe ní Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Sydney ní Ọsirélíà. Ènìyàn 13 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ìdìmú mẹ́fà kí bọ́ọ̀lù tó bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì, òfin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra délẹ̀. Ẹ̀yìn jẹ́sì ni wọ́n ti yàtọ̀. Ní Sydney, ẹni tó bá wọ 7 ni ẹni tí wọ́n fẹ́ kó darí eré lọ́sẹ̀ yẹn, ẹni yòówù kó jẹ́. Ní Leeds, ẹni tó wọ 7 ni ẹni tí wọ́n fún ní 7 kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ òun ló ń darí eré lónìí, ó sì lè jẹ́ orí bẹ́ǹṣì ló jókòó sí.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì àti Ọsirélíà nìkan. Ní 2019, ìlú Èkó ni wọ́n ti ṣe ìdíje rọ́gíbì líìgì ti Áfíríkà àti Middle East, ní pápá Teslim Balogun ní Surulere, Nàìjíríà ló sì gba ife. Ẹni tó bá ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ níbikíbi, tàbí tó ń ṣètò líìgì ilé ìwé, kò ní pẹ́ dé iwájú ẹni tó ń tẹ jẹ́sì, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò sì gbọ́ níbẹ̀ ni: nọ́mbà wo la fẹ́ kọ sí i, orúkọ ń kọ́?

Ohun tí mo rò nípa rẹ̀ rèé: níbi tí eré náà ṣì ti ṣàjèjì sí àwọn olùwòran, nọ́mbà ipò ló yẹ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tijú láti lò ó. Àmọ́ nọ́mbà ẹni ní ohun kan tí nọ́mbà ipò kò lè ní láéláé, mo sì máa sọ ọ́ bó ṣe tọ́.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ohun márùn-ún ni mo máa ń wò. Àkọ́kọ́, ṣé nọ́mbà náà ń sọ iṣẹ́ tí ẹni tó wọ̀ ọ́ ń ṣe? Èkejì, èló ni yóò ná ẹgbẹ́, ṣé jẹ́sì yóò sì ba ara mu? Ẹ̀kẹta, bí ara kò bá yá ẹnìkan, tàbí tí akọ́nimọ̀ọ́gbá yí ètò padà, ṣé nọ́mbà náà ṣì ṣeé gbára lé? Ẹ̀kẹrin, ṣé ó ń so olùwòran mọ́ agbábọ́ọ̀lù? Ẹ̀karùn-ún, ṣé ó ń mú iṣẹ́ rẹfirí àti ti ẹni tó ń kọ ìwé àkọsílẹ̀ rọrùn? Ẹgbẹ́ ńlá yóò gbé ẹ̀kẹrin ga jù. Ẹgbẹ́ tí kò lówó yóò kọ́kọ́ wo èkejì, kò sì jẹ̀bi.

Nọ́mbà ipò

Bó ṣe rí nìyí. 1 ni fullback, ẹni tó dúró lẹ́yìn gbogbo wọn, tó ń gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá ta sókè. 2 àti 5 ni àwọn wíńgì, àwọn asáré tó wà létí pápá. 3 àti 4 ni centre. 6 ni stand-off, tí àwọn ará Ọsirélíà ń pè ní five-eighth. 7 ni scrum-half. Ọwọ́ àwọn méjì yìí ni ètò eré wà. 8 àti 10 ni prop, àwọn géńdé alágbára tó ń gbé bọ́ọ̀lù kọjú sí àárín gbùngbùn ọ̀tá. 9 ni hooker. 11 àti 12 ni second row, 13 sì ni loose forward. Láti 14 dé 17 ni àwọn tó ń dúró lórí bẹ́ǹṣì. Ẹni tó bá ti rugby union, rọ́gíbì oníènìyàn 15, wá ní láti ṣọ́ra, nítorí òdìkejì ni tiwọn: prop ni 1, fullback sì ni 15.

Kí ẹ tó mọ bí ètò yìí ṣe níye lórí tó, ẹ mú ẹni tí kò rí eré yìí rí lọ sí pápá, kí ẹ má ṣàlàyé ohunkóhun fún un ju gbólóhùn kan lọ: “Máa wo 9.” Wọ́n á dì ẹnìkan mú, wọ́n á gbé e ṣánlẹ̀. Onítọ̀hún á dìde, á gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, á fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí i sẹ́yìn. Ẹni tó ti tẹ̀ba lẹ́yìn rẹ̀, tó hán bọ́ọ̀lù náà kúrò nílẹ̀, 9 ni. Wọ́n tún gbé ẹlòmíràn ṣánlẹ̀, 9 tún ti débẹ̀. Kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, àlejò yẹn ti mọ ohun tí hooker wà fún, kò sì ka ìwé kankan. Ẹ ní kó kọjú sí 7 nínú ìdajì kejì, yóò rí i pé ìdìmú karùn-ún ni 7 sábà máa ń ta bọ́ọ̀lù sókè. Jẹ́sì ti di olùkọ́ nìyẹn. Kò sí nǹkan tó wúlò ju èyí lọ fún eré tó ń wá olùwòran tuntun.

Owó tó ń ná ẹgbẹ́ náà kéré. Jẹ́sì 20 ní àwọ̀ kan, 20 ní àwọ̀ kejì, 40 pọ̀, ó ti tán. Wọ́n á fọ̀ wọ́n lẹ́yìn eré, wọ́n á kó wọn padà sínú báàgì, ẹni tí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá mú ní Sátidé tó ń bọ̀ ni yóò wọ̀ wọ́n. Bí agbábọ́ọ̀lù kan bá fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ láàárín sáà, kò gbé owó ẹgbẹ́ lọ.

Ibi tí ó ti ń dunni ni ìwọ̀n ara. Prop lè tó kìlógíráàmù 110, scrum-half lè má ju 75 lọ. Nígbà tí jẹ́sì ṣì ń fẹ̀ tí wọ́n ń fi òwú hun ún, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n jẹ́sì òde òní ń lẹ̀ mọ́ ara, nítorí pé aṣọ tó bá ṣẹ́kù ni ọ̀tá máa ń gbá mú. Bí prop yín bá ṣèṣe tí ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ sì bọ́ sínú 8, ẹ ti fún àwọn alátakò ní ohun tí wọ́n máa dì mú. Ẹgbẹ́ tó bá yan ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ ra 8, 10, 14 àti 15 ní ìwọ̀n méjì. Owó rẹ̀ kò pọ̀, àwọn tó bá sì fojú fò ó máa ń kábàámọ̀ rẹ̀.

Ṣé ó ṣeé gbára lé? Ó ṣeé gbára lé, àmọ́ kì í ṣe délẹ̀délẹ̀. Ní NRL, líìgì ńlá ti Ọsirélíà àti New Zealand, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń kéde ẹgbẹ́ ọ̀sẹ̀ náà, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tòun ti àwọn adípò. Nígbà tí ó bá fi di ọjọ́ eré, ẹnìkan ti ṣèṣe, ẹlòmíràn sì wà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá kàn fi sórí bẹ́ǹṣì láti tan ọ̀tá jẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí 18 tàbí 20 tó ń sá létí pápá bíi wíńgì láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Síbẹ̀, mọ́kànlá tàbí méjìlá nínú àwọn 13 tó bẹ̀rẹ̀ eré sábà máa ń wà níbi tí nọ́mbà wọn wí. Mo fara mọ́ ìyẹn dáadáa.

Ẹni tó fẹ́ràn ìtàn yóò tún jàǹfààní. Ẹ mú ìwé ètò eré àtijọ́ kan, orúkọ àti nọ́mbà nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ ó sì mọ ẹni tó ṣe fullback àti ẹni tó ṣe prop. Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ní Ọsirélíà, kí àwọn ọdún 1980 tó parí, òdìkejì ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni nọ́mbà àwọn ẹni iwájú: loose forward tiwọn ló ń wọ 8, prop ló ń wọ 11 àti 13, hooker sì ń wọ 12. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò ka àwòrán àtijọ́ sódì.

Wọ́n máa ń sọ pé nọ́mbà ipò ń pa orúkọ ènìyàn rẹ́. N kò gbà. Cameron Smith gbá ju eré 400 lọ ní NRL fún Melbourne Storm láti 2002 títí dé 2020, 9 ló sì ń wọ̀ lórí ìwé ipò, nítorí pé hooker ni. Kò sí ẹni tó fún un ní 9 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń jà fún un, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló sì ń gbà á. Nọ́mbà ipò dà bí oyè: bí Balógun bá lọ, ẹlòmíràn á jẹ Balógun, ìlú á sì mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti jẹ ẹ́. Ìjẹ́ pàtàkì tó wà nínú “ta ni yóò wọ 6 fún Queensland lọ́dún yìí?” (ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ kan ní Ọsirélíà) kò ní sí bí 6 bá jẹ́ ti ẹnìkan títí ọdún fi parí.

Nọ́mbà ẹni

Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ti mọ èyí tipẹ́. Kanu Nwankwo wọ 4 fún Super Eagles, iwájú ló sì ń gbá, kò sí ẹni tí ó rú lójú. Ní Super League, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1996 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ náà ni: kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ á pín nọ́mbà fún gbogbo agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, orúkọ á wà lókè rẹ̀, kò sì ní yí padà títí di oṣù October.

Àwọn ẹgbẹ́ kò kàn ń pín in bó ṣe wù wọ́n. Ìlànà ipò ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí akọ́nimọ̀ọ́gbá rí gẹ́gẹ́ bí fullback àkọ́kọ́ ni yóò gba 1, hooker àkọ́kọ́ á gba 9, àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ á bẹ̀rẹ̀ láti 20 ó lé. Nítorí náà ọjọ́ tí wọ́n bá gbé àkójọ nọ́mbà jáde jẹ́ ọjọ́ ìròyìn. Ẹni tó wọ 9 lọ́dún tó kọjá tí wọ́n wá fún ní 19 mọ ohun tí wọ́n ń bá a sọ, kí ẹnikẹ́ni tó pè é sí ọ́fíìsì. Ọmọ ọdún 20 tí ó kúrò ní 31 bọ́ sí 13 mọ̀ pẹ̀lú. Èyí kò dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé oṣù mẹ́wàá gùn láti máa gbé èrò ènìyàn kan rù sẹ́yìn. Àmọ́ àwọn olùwòran fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Bí sáà bá ti ń lọ ni ìtumọ̀ nọ́mbà ń dínkù. Eré yìí le, egungun ń ṣẹ́, orúnkún ń yẹ̀. Nígbà tí oṣù August bá fi dé, ẹgbẹ́ lè jáde pẹ̀lú 24 ní fullback, 5 àti 29 ní wíńgì, 17 ní prop. Ẹni tó mọ ojú wọn kò ní ìṣòro. Àlejò tí a ní kó máa wo 9 lẹ́ẹ̀kan yóò máa wá 9 títí eré á fi parí, 9 sì wà nílé tòun ti ọ̀pá ìtìlẹ́yìn.

Àpẹẹrẹ tí mo mọ̀ tó dára jù lọ ni àṣekágbá Super League ti 2011 ní Old Trafford, tí Leeds Rhinos fi 32 sí 16 na St Helens. Kevin Sinfield, tí nọ́mbà rẹ̀ jẹ́ 13, ló ṣe stand-off, iṣẹ́ 6. Danny McGuire tó ni 6 ló ṣe scrum-half, iṣẹ́ 7. Rob Burrow, ẹni tó ni 7, orí bẹ́ǹṣì ló ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá fi òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ wa wọ̀n ọ́n, nọ́mbà mẹ́ta ló tan olùwòran jẹ nínú ẹgbẹ́ kan, ní eré tó tóbi jù lọ lọ́dún. Ṣùgbọ́n Burrow wọlé, ó gba bọ́ọ̀lù, ó tẹ̀ ba, ó gba abẹ́ apá àwọn tó fi orí ṣe gíga jù ú lọ kọjá, ó sá títí dé orí ìlà. Òun ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ Harry Sunderland Trophy fún ẹni tó ta yọ jù. Lábẹ́ ètò ipò, 14 tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ì bá wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó tóbi jù láyé eré rẹ̀. 7 ló wà níbẹ̀.

7 yẹn kò sì dúró lórí pápá. Ní ìparí 2019, àwọn dókítà sọ fún Burrow pé àìsàn motor neurone, tó ń sọ iṣan ara di aláìlágbára, ló ń bá a jà. Ní December 2020, Sinfield sá eré ẹlẹ́mìí ẹṣin, máráthọ́ọ̀nù 7 ní ọjọ́ 7, láti kówó jọ, £77,777 sì ni iye tó kọ́kọ́ fojú sùn. Kò sí ẹni tó béèrè ìdí tó fi jẹ́ 7. Burrow kú ní June 2024, àwọn ènìyàn tí kò wo rọ́gíbì rí sì mọ nọ́mbà rẹ̀. Ohun tí mo ní mo máa sọ nìyí: nọ́mbà ẹni lè di ẹni náà fúnra rẹ̀.

Òun náà ló jẹ́ kí ẹgbẹ́ lè fi nọ́mbà bọlá fún ẹni wọn tó ti lọ. Nígbà tí Roger Millward, àgbà ọ̀jẹ̀ Hull Kingston Rovers, kú ní 2016, ẹgbẹ́ náà kéde pé àwọn máa gbé 6 rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹgbẹ́ tó ń lo nọ́mbà ipò kò lè ṣe irú èyí, nítorí pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ ṣe stand-off ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ní ti owó, ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa. Agbábọ́ọ̀lù 30, àwọ̀ méjì, ó ti di jẹ́sì 60 kí ẹ tó fi àpọ̀jù kún un. Ẹ sì gbọ́dọ̀ fi kún un: bí ẹ̀jẹ̀ bá kan jẹ́sì, rẹfirí á ní kó pààrọ̀ rẹ̀, jẹ́sì tó ní orúkọ ẹni lórí kò sì ṣeé yá ẹlòmíràn. Bí ẹnìkan bá kúrò, jẹ́sì rẹ̀ ti di àkísà fún ẹgbẹ́. Èrè ibẹ̀ ni pé gbogbo jẹ́sì ba ẹni tó ni ín mu, àti pé àwọn olólùfẹ́ yóò ra èyí tó ní orúkọ. Bí ẹ kò bá ní àwọn tó ń ra jẹ́sì, ìdajì èrè náà ti lọ.

Fún rẹfirí àti akọ̀wé, kò sí ìyàtọ̀ ńlá. Ẹni tó ń ka ìpààrọ̀ mẹ́jọ tí ẹgbẹ́ ní lẹ́tọ̀ọ́ sí nínú eré kan yóò rí 14 sí 17 kíá lábẹ́ ètò ipò, tí yóò sì ní láti máa wo ìwé ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ ti ẹni. Akọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ ipò sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ. Bí kò bá kọ ọ́, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ ní ọdún 20 sí i.

Ọ̀nà méjì tó wà láàárín

Ti ìdíje kúkúrú wà. Ní World Cup ti 2021, tí wọ́n ṣe ní 2022 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn 24 ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan mú wá, oníkálukú sì ní nọ́mbà tirẹ̀ títí ìdíje fi parí. Fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó dára. Wàhálà títẹ jẹ́sì kò pọ̀, àkójọ náà kò sì tíì dàrú kí ó tó parí.

Èkejì ni mo fẹ́ràn jù, ó sì ṣeé fi kún èyíkéyìí: nọ́mbà ìran. Àwọn ẹgbẹ́ bíi Wigan àti Leeds ti ka gbogbo ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn rí láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fún oníkálukú ní nọ́mbà gẹ́gẹ́ bó ṣe wọlé tẹ̀léra. Kékeré ni wọ́n máa ń kọ nọ́mbà yẹn, wọ́n lè rán an sí àyà tàbí sí ọrùn jẹ́sì, kò sì ní jẹ́ ti ẹlòmíràn mọ́ láé. Ẹni tó gbá ẹ̀ẹ̀kan péré ní in, ọ̀gá gbogbo ọ̀gá náà ní in. Ẹgbẹ́ tuntun ní Ìbàdàn tàbí ní Kútọ̀nù lè bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti orí 1 lónìí. Ìwé kan ni yóò ná an.

Ta ni kó mú èwo

Líìgì ilé ìwé, ẹgbẹ́ tuntun, ìdíje níbi tí àwọn olùwòran kò tíì mọ hooker yàtọ̀ sí wíńgì: ẹ mú nọ́mbà ipò, kí ẹ fi nọ́mbà ìran kún un. Ẹ má ṣe tẹ orúkọ kankan sẹ́yìn. Owó tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi ra 8 àti 10 ní ìwọ̀n kejì.

Líìgì tó ti ní tẹlifíṣọ̀n, tó ní ṣọ́ọ̀bù jẹ́sì, tí àwọn ènìyàn sì ti mọ àwọn ìràwọ̀ rẹ̀ lójú: nọ́mbà ẹni tọ́ sí i, pẹ̀lú àdéhùn pé 1 sí 13 á bá ipò mu ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, àti pé tẹlifíṣọ̀n á kọ ipò sí iwájú orúkọ nígbà tí wọ́n bá ń fi ẹgbẹ́ hàn. Líìgì tó bá kọ̀ láti ṣe ìkejì yẹn ń pa olùwòran tuntun tì.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń yí ètò padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì ju ènìyàn 22 lọ: nọ́mbà ipò, nítorí pé ìdíje lórí 7 yóò máa mú àwọn ọmọ rẹ̀ jí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè tó ń lọ sí ìdíje ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: nọ́mbà ẹni, 1 sí iye tí wọ́n bá jẹ́.

Ẹ̀yin tó fẹ́ ra jẹ́sì fún ara yín, bí ó bá jẹ́ ti Super League, ẹ kọ́kọ́ wo ìgbà tí àdéhùn agbábọ́ọ̀lù náà ń parí kí ẹ tó ní kí wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti NRL, ẹ ra nọ́mbà ipò tí ẹ fẹ́ràn láti máa wò.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ kọ ọ́ sínú òfin ìdíje kí ẹnikẹ́ni tó tẹ jẹ́sì: nọ́mbà tó ga jù tí a lè wọ̀, ohun tí a ó ṣe bí ẹ̀jẹ̀ bá kan jẹ́sì, àti wákàtí tí àkójọ ẹgbẹ́ kò lè yí padà mọ́.